Iṣan Ara Mi Ni Mo Gbọ́

Láti ìparí ọdún 2008 títí di oṣù kẹta ọdún 2010, Dókítà ni gbogbo Dàda Estate ní Òṣogbo ń pè mí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé ń pè mí bẹ́ẹ̀, bàbá mi gan-an ń pè mí bẹ́ẹ̀ tí àlejò bá wà nílé. Mo sì ń jẹ́ wọn lóhùn. Mi ò ka ìwé dókítà níbì kankan láyé mi. Irọ́ ni mò ń jẹ́, irọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí Ọlọ́run ṣe yọ ọmọ náà, tó sì tún yọ èmi náà nínú ọ̀fìn tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́, ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wà ní Òṣogbo lónìí tí wọ́n jókòó sí ibi tí mo jókòó sí nígbà náà.

Ìjẹ̀ṣà ni wá. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ó ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, ó ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀, kò sì ní dìde títí wọn ó fi san án. Bàbá tèmi kò ru aṣọ, ọkọ̀ ló wà, Òṣogbo sí Èkó, Èkó sí Òṣogbo, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Inú owó ọkọ̀ yẹn ló ti kọ́ ilé sí Dàda Estate. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo wọ ilé ìwé girama ló ti sọ ọ́ sí gbogbo gáréèjì létí pé òun máa ní dókítà nílé.

Mo ṣe WAEC ní 2005, mo sì yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé C ló pọ̀ jù nínú èsì mi. Mo jókòó fún JAMB ní 2006, mo gba 198 nínú 400. Mo tún un ṣe ní 2007, mo gba 221. Ní 2008, mo gba 214. Iye yẹn lè gbé èèyàn wọ ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé e wọ Medicine, níbi tí àwọn tó gba ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náà ti ń bẹ̀rù. Gbogbo ẹni tó mọ̀wé ló ń sọ ọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ gbọ́. Màmá mi gbààwẹ̀ fún mi, ó lọ gbàdúrà ní Òkè Òòyè ní Iléṣà, níbi tí ìsọjí ọdún 1930 ti bẹ̀rẹ̀. Àdúrà rẹ̀ kò gùn: kí Ọlọ́run ṣáà gbé ọmọ òun wọ yunifásítì. Kò sọ ẹnu ọ̀nà tí Ọlọ́run máa gbà. Èmi ni mo ń bá Ọlọ́run mú ẹnu ọ̀nà.

Ìyá kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa, Ìyá Onífèrè ni àwọn ọmọdé ń pè é. Tíṣà eré ìdárayá ni, ó ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó rí i tó ń kó àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn yí Estate ká, fèrè máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, aago eléré sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn JAMB mi kejì, ó pè mí wọ ilé. Ó ní, “Ọmọ mi, mo rí i pé o fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn. Lọ sí Iléṣà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, kí o lọ ka Physical and Health Education. Ọdún mẹ́ta ni NCE. Tí o bá ṣe é dáadáa, Direct Entry ló máa gbé ẹ wọ yunifásítì, ọdún kejì lo sì máa ti bẹ̀rẹ̀.” Mo ní, “Mà, ẹni tí kò bá rọ́nà mìíràn ni ń lọ ka ìwé eré.” Ó wò mí títí. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo délé, mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, a jọ fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lẹ́yìn ti 2008, mo pàdé ọkùnrin kan tó ní òun mọ ẹni tó lè bá mi mú orúkọ wọlé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ yunifásítì tó lóun máa mú mi wọ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ náà kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà, ìyẹn ₦180,000, ló gbà. Bàbá mi yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn awakọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin yẹn fún mi ní ìwé tó ní òǹtẹ̀ pupa, tí wọ́n kọ orúkọ mi sí gàdàgbà: Medicine and Surgery. Bàbá mi pa àgbò. Pásítọ̀ gbàdúrà lé mi lórí. Wọ́n rọ̀jò owó lé mi níwájú gbogbo ìjọ.

Mo gbé ìwé náà dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo orúkọ mi nínú ìwé ńlá, ó tún wò ó, ó wá yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Àbúrò, ta ló fún ẹ ní èyí? Orúkọ rẹ kò sí níbí. Máa lọ sílé, kí o sọ fún àwọn òbí rẹ lónìí.” Ẹ kíyè sí i. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí ló sọ òtítọ́ fún mi, ó tún sọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo jáde, mo jókòó sábẹ́ igi kan, mo pe bàbá mi lórí fóònù. Mo ní, “Bàámi, wọ́n ti gbà mí.” Mo gbọ́ tó kígbe lẹ́yìn fóònù, tó ń sọ fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò rò pé irọ́ náà máa pé ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́tàdínlógún ló pé.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Ní ọjọ́ Ajé, mo máa gbé báàgì, mo máa wọkọ̀ ní Old Garage, mo máa lọ sùn ní yàrá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gidi. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tí èrò bá pọ̀. Mo ra kóòtù funfun. Mo ra stethoscope kan tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí nílé kí àlejò lè rí i. Bàbá mi ń fún mi lówó ilé ẹ̀kọ́, mo ń jẹ ẹ́. Mo máa ń sọ ọ́ báyìí kí n má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: mo jẹ owó náà. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ sáré lóru láti rí i, èmi ń fi ra bàtà.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa àìsàn wọn. Mo ń dá wọn lóhùn. Ohun tí mo bá ti gbọ́ níbì kan ni mo máa fi Gẹ̀ẹ́sì bò, tí wọ́n á sì dúpẹ́. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Mo máa pè é ní Ṣẹ́gun, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni ayé rẹ̀. Ó wá bá mi ní oṣù kejì ọdún 2010, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí mi ò fi ní máa tètè mí hẹlẹ nínú pápá?” Mo sọ fún un pé kó máa wọ suwẹ́tà sá eré nínú oòrùn kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè yọ́, kó má sì máa mu omi tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, nítorí omi máa ń wúwo nínú ikùn. Mi ò mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ náà rò pé inú ìwé ni.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù kẹta, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ mọ irú ooru tó máa ń mú kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Mo wà nílé nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sáré bọ̀ láti pápá, tí wọ́n ń ké, “Okwaraji! Okwaraji!” Ẹni tó bá gbọ́njú ní Nàìjíríà kò nílò àlàyé. Samuel Okwaraji ni agbábọ́ọ̀lù wa tó ṣubú lórí pápá National Stadium ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí a ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni ọdún 25 ni, kò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú lórí pápá, orúkọ yẹn ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn. Wọ́n wá fà mí lọ́wọ́, “Dókítà, ẹ bọ̀! Dókítà, ẹ bọ̀!”

Mo débẹ̀. Ṣẹ́gun ló wà nílẹ̀. Suwẹ́tà aláwọ̀ eérú wà lọ́rùn rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó ń gbọ̀n rìrì, ojú rẹ̀ ti yí. Èrò ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ń pariwo pé wárápá ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn la ọ̀nà fún mi, wọ́n sì dákẹ́. Mi ò lè ṣàpèjúwe ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú bí mo ṣe máa ń rí i nínú fíìmù, mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ. Ó ń lù kì, kì, kì. Mo gbójú sókè, mo ní, “Ó ń lù dáadáa. Ẹ mú ṣíbí wá, kó má baà gé ahọ́n rẹ̀ jẹ.” Wọ́n mú ṣíbí wá. Èmi ni mo tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo gbọ́ nígbà tí eyín rẹ̀ ṣẹ́.

Ẹnì kan ti èrò náà sọ́tùn-ún sósì. Ìyá Onífèrè ni. Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo èèyàn sì sún sẹ́yìn. Kò wo ojú mi. Ó yọ ṣíbí náà kúrò, ó yí ọmọ náà dà sí ẹ̀gbẹ́, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọsàn, ó fi la suwẹ́tà náà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó píọ̀ wọ́tà tó ti dì wá láti ilé ìtajà. Ó fi wọ́n sí abíyá rẹ̀ méjèèjì, ó fi sí ọrùn, ó fi sí àárín itan. Ó ní kí wọ́n máa da omi sí i lára, kí àwọn ọmọ máa fi páálí fẹ́ ẹ. Ẹnì kan fẹ́ rọ omi sí i lẹ́nu, ó gbá ọwọ́ ẹni náà dànù. Ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló fi kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọmọ náà, ó ń wo aago rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà. Gbogbo èyí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n gbé e sínú táksí, àwọn píọ̀ wọ́tà náà ṣì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run ló ní kí ìyá náà wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìjẹ̀bú ló ti yẹ kó wà, fún ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ ló bàjẹ́ ní àárọ̀ yẹn.

Ṣẹ́gun padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ wá sílé wa pẹ̀lú adìyẹ méjì. Ó kúnlẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ níwájú bàbá mi. Ó ní, “Dókítà, Ọlọ́run á san án fún yín. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ débẹ̀.” Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wo adìyẹ náà, wọ́n dì wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo wọ yàrá lọ, mo bì.

Mi ò lè sùn. Nígbà tó di nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, mo jáde, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Onífèrè. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, kò kí mi. Ó bi mí, “Ìka wo lo fi kàn án lọ́rùn-ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn?”

Mo ní, “Àtàǹpàkò, mà.”

Ó gba ọwọ́ mi, ó gbé àtàǹpàkò mi lé orí tábìlì onígi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi náà, kí n dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ. Kì, kì, kì.

Ó ní, “Ṣé tábìlì wà láàyè ni? Àtàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀ tó ń lù. Iṣan ara rẹ lo gbọ́. Ọmọ yẹn ì bá ti kú sí ẹ lọ́wọ́, wàá ṣì máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ń lù dáadáa.”

Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí tábìlì yẹn. Láti ọdún 2006 ni mo ti ń gbàdúrà, tí mo ń sọ pé Ọlọ́run ń dá mi lóhùn, pé dókítà ni ìpè mi. Ìfẹ́ ọkàn ara mi ló ń lù, tí mo ń pè é ní ohùn Ọlọ́run. Mo wólẹ̀ síbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ìwé ayédèrú, kóòtù funfun, owó bàbá mi, suwẹ́tà. Nígbà tí mo dé orí suwẹ́tà, ó jókòó. Ó ní, “Áà. Ìwọ ni?” Ó wá ṣàlàyé fún mi ohun tí mo ti ṣe. Bí èèyàn bá ń sá eré, iṣan ẹran ara rẹ̀ ń dá ooru sílẹ̀. Òógùn tó ń gbẹ lára ló ń gbé ooru náà lọ. Suwẹ́tà kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ. Ẹni tí kò sì mu omi, kò ní òógùn tó máa jáde mọ́. Tí ooru inú ara bá ti kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Bí ọmọ náà ṣe ń gbọ̀n, ooru ló ń ṣe é. Kì í ṣe wárápá.

Mo sọ fún bàbá mi ní ọjọ́ kan náà. Kò lù mí. Kò pariwo. Ó bi mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta bóyá mo ń sọ òtítọ́, ó wá dìde, ó yọ stethoscope kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Láti ọjọ́ náà kò pè mí ní Dókítà mọ́, kò sì pe orúkọ mi. “Ìwọ” ni. “Ìwọ, gbé omi wá.” Ó lé ní ọdún márùn-ún tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá ìyá Ṣẹ́gun náà. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó wọlé, ó mú suwẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀bẹ là náà jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Gba nǹkan rẹ.” Ó tó ọdún méjì kó tó dá ìkíni mi padà. Mi ò bínú sí i. Títí di òní, tí Ṣẹ́gun bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rí eyín tó ṣẹ́ yẹn.

Ìyá Onífèrè kò sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì sí mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “O fẹ́ràn orúkọ dókítà. Mi ò tíì mọ̀ bóyá o fẹ́ràn ara èèyàn.” Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi mú mi jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí n máa bá àwọn àgbàlagbà rìn, kí n máa ka iṣan wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe tán, kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kọ́ mi pé ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, pé ọkàn tó bá ti mọ iṣẹ́ máa ń rọra lù tó bá ń sinmi, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde máa ń pọ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi nínú ìwé tí mo ń kọ. Bàbá kan tí iṣan rẹ̀ ń lù ní ìgbà 92 tó bá jókòó, nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó ti di 78. Mo wo nọ́ńbà yẹn títí. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìmọ̀ máa jẹ́ tèmi.

Ọdún 2010 náà ni JAMB pa ìdánwò yunifásítì pọ̀ mọ́ ti poli àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, fọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo èèyàn ń gbà. Mo gbà á ní 2011, mo sì kọ Osun State College of Education, Iléṣà sí iwájú pátápátá. Physical and Health Education. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ń kọ ọ́, kì í sì í ṣe ìtìjú. Wọ́n gbà mí. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni òfin ìpínlẹ̀ wa sọ di Yunifásítì Iléṣà ní 2022, ṣùgbọ́n nígbà tiwa, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní yunifásítì ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé a lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fun fèrè.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa níbẹ̀, nítorí èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní egungun àti iṣan, orúkọ wọn àti iṣẹ́ wọn. Wọ́n kọ́ wa bí oúnjẹ ṣe ń di agbára nínú ara, bí wọ́n ṣe ń wọn okun èèyàn, ìtọ́jú pàjáwìrì, ìlera àwùjọ, eré ìdárayá fún àwọn abirùn. A sá eré dájúdájú, a sì fò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí olùkọ́ wa pè mí síwájú, tó ní kí n lóṣòó. Mo lóṣòó. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí iṣan iwájú itan mi, ó ń sọ ohun tó ń ṣe, ó tọ́ka sí ti ìdí, ó tọ́ka sí ti ẹ̀yìn, ó ní kí n má tíì dìde. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, itan mi ń gbọ̀n. Ibẹ̀ ni bàbá bàbá mi sọ sí mi lọ́kàn. Ọkùnrin yẹn ń lo wákàtí lórí ìlóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, lẹ́yìn tó ti ru aṣọ rìn láti àárọ̀. Ó dàgbà dáadáa kó tó kú, kò sì lo ọ̀pá. Bàbá mi tó ń jókòó nínú ọkọ̀ kò tíì pé ọgọ́ta ọdún tí orí ti ń fọ́ ọ lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ wa nípa Jeremy Morris, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìwádìí lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀, ọkọ̀ kan náà, ìlú kan náà. Awakọ̀ jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn sókè, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Àìsàn ọkàn kò pa àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ tó bó ṣe ń pa àwọn awakọ̀. Mo gbé ìwé mi, mi ò dúró de ìparí ọ̀sẹ̀, mo wọkọ̀ padà sí Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Mo yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ìyá Onífèrè, mo bẹ bàbá mi kó jẹ́ kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó kọ̀. Màmá mi bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ 168 lórí 102, nígbà tó jẹ́ pé 140 lórí 90 ni wọ́n ti ń pè é ní àìsàn. Mo mú un lọ sí ọsibítù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún un lóògùn. Ìyá Onífèrè sì fà á wọ ẹgbẹ́ tó ń rìn láàárọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, kó lè pé 150 ìṣẹ́jú tí àjọ ìlera àgbáyé là sílẹ̀. Kò tíì pe orúkọ mi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé láti Iléṣà, ó máa ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á gbé apá rẹ̀ sí orí tábìlì láìsọ̀rọ̀, á dúró kí n wọ̀n ọ́n.

Mo parí NCE ní 2014. Èsì mi dára débi tí ojú tì mí fún ọdún tí mo fi ṣòfò. Ní 2015 mo fi fọ́ọ̀mù Direct Entry wá àyè ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní ẹ̀ka Human Kinetics and Health Education. Nígbà tí àyè náà jáde, ọdún kejì ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ ní 2007 nínú pálọ̀ rẹ̀, tí mo fi í rẹ́rìn-ín. Màmá mi gbé orin sókè nígbà tó gbọ́. Iléṣà ló ti gbàdúrà. Iléṣà náà ni Ọlọ́run gbà gbé mi wọlé, ẹnu ọ̀nà tí mo ti tutọ́ sí.

Mo tẹ ìwé náà, mo gbé e fún bàbá mi. Ó kà á, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó ní, “Ìwé lo gbé fún mi nígbà yẹn náà.” Mi ò lè fèsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá rẹ̀, ó ní ká máa lọ sí Ìbàdàn.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ọgbà yunifásítì, ó ní kí n mú òun dé ọ́fíìsì tó ni ìwé náà. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní ká dúró, ó ní orúkọ máa wà lára bọ́ọ̀dù láìpẹ́. Kò sí àga níta. Bàbá mi ṣẹ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹni tó wá gba owó rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Itan rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ọdún tó ti ń bá Ìyá Onífèrè rìn ló jẹ́ kó lè ṣe é, mo sì dúró tì í, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí bọ́ọ̀dù yẹn má dójú tì mí.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ní nǹkan bí aago méjì. Ó dìde, ó la àárín àwọn ọmọ kọjá, ó fi ìka rẹ̀ sí orí ìlà àkọ́kọ́, ó ń fà á bọ̀ nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ìka náà dúró. Kò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Àlàó, ṣé wọ́n ń ta iyán nínú ọgbà yìí?”